Kí O Tó Pa Ẹ̀rọ Tówà, Kọ́kọ́ Yá A Lọ́wọ́ Kọntírólà

"Mo fẹ́ pa main fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Standby ló kú."

Ohun tí èmi ẹnjiníà sọ sínú fóònù nìyẹn láàárọ̀ ọjọ́ kan nínú oṣù Ṣẹ́rẹ́, ní pápákọ̀ òfurufú kékeré kan tí n kò ní dárúkọ. Ọyẹ́ ti bo gbogbo ibẹ̀. Jẹnẹrétọ̀ ń bú ramúramù lẹ́yìn ilé ẹ̀rọ, mo sì ṣí fèrèsé sílẹ̀ nítorí ooru tó ń jáde lára ẹ̀rọ. Kọntírólà, ọkùnrin tó ń darí bàálù láti orí àga ní tówà, gbọ́ "Standby ló kù." Ó ní, "Kò burú, màdáámù, ẹ máa ṣe é lọ."

Èmi ń sọ fún un pé standby, ẹ̀rọ rédíò kejì, ti bàjẹ́, kó yáa gbé rédíò àfọwọ́mú jáde kí n tó pa main, èyí tó ń lò. Òun gbọ́ pé ẹ̀rọ kejì ni yóò ṣẹ́ kù fún òun, pé kò sí wàhálà. Mo pa main. Ìkànnì dákẹ́ rọ́rọ́. Mo ti wo ìwé àkókò ọkọ̀ kí n tó fọwọ́ kan nǹkan kan, kò sì sí bàálù tó yẹ kó dé ṣáájú aago mẹ́sàn-án. Ṣùgbọ́n èyí tí ọyẹ́ kò jẹ́ kó wá lánàá ti gbéra láàárọ̀ yẹn, kò sì ju nǹkan bíi máìlì méjìlá sí wa lọ. Kọntírólà pè é títí. Ó rò pé hẹ́ẹ̀dsẹ́ẹ̀tì òun ló bàjẹ́, ó pààrọ̀ rẹ̀. Ó gbé tọ́ọ̀ṣì ńlá tí wọ́n fi ń tan iná sí páílọ́ọ̀tì, àwọ̀ ewé pé kó balẹ̀, àwọ̀ pupa pé kó máa yí po. Nínú ọyẹ́ yẹn, ta ni yóò rí i? Ìṣẹ́jú mẹ́fà kọjá kó tó rí rédíò àfọwọ́mú nínú dúrọ́ọ̀. Páílọ́ọ̀tì náà gbọ́n, kò balẹ̀, ó ń yí po lókè títí ó fi gbọ́ ohùn èèyàn. Kò sẹ́ni tó fara pa. Mo kọ ìwé àlàyé, wọ́n ní kí n tún un kọ.

Àmì ohùn kan ṣoṣo ló wà láàrin kú àti kù, mo sì gbé ẹ̀mí èèyàn lé e lórí. Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti ní ọ̀nà tèmi tí mo ń gbà ṣe é, òun ni mo sì fẹ́ fi hàn ọ́, ìwọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti iléèwé iṣẹ́ òfurufú ní Zaria dé pẹ̀lú ìwé ẹ̀rí tuntun. Ó ti lé ní ogún ọdún tí mo ti wà nídìí rédíò, ILS (ẹ̀rọ tó ń tọ́ bàálù sọ́nà láti balẹ̀) àti VOR (ẹ̀rọ tó ń fi ọ̀nà han bàálù lókè). Kọntírólà náà lè kà á, ọ̀rọ̀ rẹ̀ wà níbẹ̀.

Yíyá ni mo ń pè é. Ní Ọ̀fà, ìyá ìyá mi ní ìkòkò ńlá kan tí gbogbo àdúgbò máa ń wá yá nígbà ìnáwó. Ẹni tó bá fẹ́ yá a kò ní wọ ilé ìdáná lọ gbé e, àgàgà bí ọbẹ̀ bá wà lórí iná. Yóò kí màámá, yóò sọ ohun tó fẹ́ sè, yóò sọ ìgbà tí yóò dá a padà. Nígbà tó bá ń dá a padà, yóò fọ̀ ọ́, yóò sì fi lé màámá lọ́wọ́: "Màámá, ìkòkò yín rèé o." Màámá yóò ṣí i wò, yóò fi ìka kan ìdí rẹ̀ wò bóyá ó jò. Ẹni tó bá gbé e kalẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà tó bá tirẹ̀ lọ, lójú màámá, kò tíì dá a padà. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹ̀rọ tówà. Ọwọ́ rẹ ni kọ́kọ́rọ́ ilé ẹ̀rọ wà, ṣùgbọ́n níwọ̀n ìgbà tí bàálù kan bá wà lórí ìkànnì, kọntírólà ló ni ín.

Ọjọ́ mélòó kan ṣáájú iṣẹ́

Mú bébà kan. Kọ orúkọ ẹ̀rọ tí o fẹ́ fọwọ́ kàn sókè. Lábẹ́ rẹ̀, kọ ohun tí kò ní ṣeé ṣe fún kọntírólà nígbà tí ẹ̀rọ náà bá wà nílẹ̀. Má kọ ohun tí ìwọ fẹ́ ṣe síbẹ̀, ìyẹn ti wà nínú ìwé iṣẹ́ rẹ. "Mo fẹ́ pààrọ̀ power supply transmitter 1" kò túmọ̀ sí nǹkan kan fún ẹni tó ń darí ọkọ̀. "Fún ogún ìṣẹ́jú, bí rédíò tí ẹ ń lò yìí bá dákẹ́, rédíò àfọwọ́mú nìkan lẹ ní": ìyẹn yé e.

Lẹ́yìn náà, kọ ohun tó ṣẹ́ kù fún un, kí o sì lọ dán an wò lọ́jọ́ náà gan-an. Standby tí o dán wò lóṣù tó kọjá kò yàtọ̀ sí ẹ̀rọ tí o kò dán wò. Gbé ìkànnì sórí rẹ̀, jẹ́ kó fọ ohùn jáde, wo agbára rẹ̀ lójú mítà, yọ iná NEPA kí o wo bóyá bátìrì gbé e. Mo ti rí bátìrì tí wọ́n kọ 100% sí lára tó kú láàrin ìṣẹ́jú àáyá mẹ́rin.

Ìbéèrè kẹta ni ọ̀pọ̀ máa ń fò: ta ló tún ń ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ yẹn? Àwọn tó ń ṣe fóònù ńkọ́? Àwọn tó ń tún iná rọ́nwéè ṣe? Àwọn oníjẹnẹrétọ̀ tó fẹ́ pààrọ̀ ọ́ìlì? Iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan lè dára fúnra rẹ̀, kó jẹ́ pé àpapọ̀ wọn ni yóò pa èèyàn.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ lókè ìlú Überlingen ní ilẹ̀ Jámánì nìyẹn ní alẹ́ ọjọ́ 1 oṣù Agẹmọ ọdún 2002. Yàrá ìdarí ní Zurich, ilẹ̀ Switzerland, ló ń mójú tó apá òfurufú yẹn. Àwọn ẹnjiníà ń ṣiṣẹ́ lórí kọ̀ǹpútà rédà lóru nítorí pé ọkọ̀ kì í pọ̀ nígbà náà. Iṣẹ́ yẹn mú kí rédà máa fi ọ̀nà àbọ̀ ṣiṣẹ́, tó fi di pé máìlì 7 ni àlàfo tó gbọ́dọ̀ wà láàrin ọkọ̀ méjì dípò 5. Ìkìlọ̀ tó máa ń hàn lójú gíláàsì rédà bí ọkọ̀ méjì bá fẹ́ forí gbárí kò sí mọ́. Wọ́n tún ti yọ fóònù gan-an láti ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀, èyí tí wọ́n fi rọ́pò rẹ̀ sì ní àrùn tí ẹnikẹ́ni kò tíì mọ̀. Kọntírólà kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀, ẹnì kejì rẹ̀ ti lọ sinmi, ó sì ń sáré láàrin ojú gíláàsì méjì. Ó fẹ́ pe pápákọ̀ Friedrichshafen nítorí ọkọ̀ kan tó pẹ́ dé. Fóònù kò lọ. Ní Karlsruhe, ẹ̀rọ àwọn ará Jámánì ti kìlọ̀ fún wọn pé ọkọ̀ méjì ń bọ̀ wá kọ lu ara wọn, wọ́n pe Zurich léraléra. Fóònù kò wọlé. Ọkọ̀ Tupolev láti Rọ́ṣíà àti Boeing 757 ti DHL forí gbárí. Èèyàn 71 ló kú, ọmọdé ló pọ̀ jù nínú wọn.

Ọ̀rọ̀ pọ̀ nínú ìjàǹbá yẹn. Ẹ̀rọ TCAS inú ọkọ̀, èyí tó ń kìlọ̀ kí ọkọ̀ méjì má bàa forí gbárí, ní kí Tupolev gòkè, kọntírólà ní kó sọ̀kalẹ̀, ó sì sọ̀kalẹ̀. Èyí tó kan èmi àti ìwọ ni pé àwọn tó ṣe ìwádìí rí i pé kò sẹ́ni tó ṣàlàyé fún kọntírólà yẹn ohun tí iṣẹ́ alẹ́ ọjọ́ náà máa gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Ìwé wà o. Ìwé wà nílé iṣẹ́ pé iṣẹ́ yóò wáyé. Ṣùgbọ́n ẹni tó yẹ kó jókòó tì í, kó ní, "Ẹ̀gbọ́n, lálẹ́ yìí, ẹ ò ní fóònù gidi, ẹ ò ní rí ìkìlọ̀ lójú gíláàsì, àlàfo sì ti di 7, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lẹ́ẹ̀kan náà o", kò sí. Bí mo bá rí iṣẹ́ méjì lọ́jọ́ kan lórí bébà mi, mo máa ń sún tèmi síwájú. Wọ́n ti pè mí ní ọ̀lẹ nítorí rẹ̀ rí. Mo gbà.

Ní ti NOTAM, ìkéde tí a máa ń fi ránṣẹ́ sí àwọn páílọ́ọ̀tì, mi ò ní pẹ́ níbẹ̀. Bí ohun tí o fẹ́ pa bá jẹ́ èyí tí páílọ́ọ̀tì ń lò tààrà, bíi ILS, VOR, DME (ẹ̀rọ tó ń sọ bí ọkọ̀ ṣe jìnnà tó) tàbí iná rọ́nwéè, NOTAM gbọ́dọ̀ jáde kí ọjọ́ tó pé, kó sì sọ ìgbà tí o rò pé ẹ̀rọ yóò padà. UTC, aago tí gbogbo ayé jọ ń lò nínú iṣẹ́ òfurufú, ni aago rẹ̀. Aago Nàìjíríà fi wákàtí kan ṣáájú UTC, nítorí náà iṣẹ́ aago mẹ́wàá sí aago méjìlá ọ̀sán jẹ́ 0900 sí 1100. Mo mọ ẹnì kan tó kọ 1000 sí 1200 nítorí pé aago ọrùn ọwọ́ rẹ̀ ló wò. Ó pa VOR ní aago mẹ́wàá wa. Fún odindi wákàtí kan, NOTAM ń sọ fún gbogbo ayé pé VOR wà níbẹ̀. Bí iṣẹ́ bá parí ṣáájú àkókò, ní kí wọ́n fagi lé e. Bó bá fẹ́ pẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ, kí òmíràn rọ́pò rẹ̀ kí ti àkọ́kọ́ tó kú.

Má sì gbàgbọ́ pé NOTAM ti parí ọ̀rọ̀. Ní Guam, ọjọ́ 6 oṣù Ògún ọdún 1997, glide path, apá ILS tó ń fi bí ọkọ̀ ṣe yẹ kó ga tó hàn án bó ti ń bọ̀ wá balẹ̀, ti wà nílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. NOTAM ti jáde. Nígbà tí kọntírólà fún Boeing 747 ti Korean Air láyè láti máa bọ̀, ó fi kún un pé glide path kò ṣeé lò. Páílọ́ọ̀tì dá apá kan gbólóhùn yẹn padà, pé a ti fún òun láyè ILS. Kò dá ti glide path padà, kọntírólà náà kò sì béèrè. Nínú ọkọ̀, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í bi ara wọn léèrè bóyá glide path ń ṣiṣẹ́. Wọ́n kọ lu òkè Nimitz, nǹkan bíi máìlì mẹ́ta sí rọ́nwéè. Nínú èèyàn 254, 228 ló kú. Kọ̀ǹpútà tó yẹ kó kígbe sí kọntírólà pé ọkọ̀ kan ti lọ sílẹ̀ jù sì rèé, wọ́n ti dí i lẹ́nu nítorí pé ó máa ń kígbe lásán. Bí o bá rántí ohun kan nínú ìtàn yìí, rántí ìdajì gbólóhùn tí ẹnikẹ́ni kò dá padà.

Lórí àtẹ̀gùn tówà

Gun òkè. Mo mọ̀ pé àtẹ̀gùn pọ̀, mo mọ̀ pé lífítì ti bàjẹ́ láti ọdún tó kọjá. Gun òkè. Ohun tí o bá sọ lójú ara yín dára ju ti fóònù lọ nígbà mẹ́wàá, torí pé o máa rí ojú rẹ̀ bí ó bá ṣiyèméjì.

Nígbà tí o bá wọlé, má sọ̀rọ̀. Dúró síbi tí yóò ti rí ọ. Wo strip, bébà tẹ́ẹ́rẹ́ tí ó ń kọ ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan sí, tó wà níwájú rẹ̀. Bí wọ́n bá ju méjì lọ, jókòó. Bó bá gbé ọwọ́ sókè sí ọ, kì í ṣe àrífín, bàálù ló ń bá a sọ̀rọ̀. Ẹni tó bá já ọ̀rọ̀ kọntírólà gbà lẹ́nu láti bèèrè àyè láti pa ẹ̀rọ ti bẹ̀rẹ̀ ìjàǹbá náà fúnra rẹ̀.

Tí àyè bá wá, nǹkan márùn-ún ni kí o sọ, ní ìtẹ̀léra yìí: orúkọ ẹ̀rọ pẹ̀lú nọ́ńbà rẹ̀, ohun tí kò ní lè lò, ohun tó ṣẹ́ kù fún un, ìṣẹ́jú tí o nílò, àti ìṣẹ́jú tí yóò gbà ọ́ láti dá a padà bó bá pè ọ́ lójijì. Karùn-ún yìí ni àwọn ọ̀dọ́ kì í rántí. Nígbà tí mo bá ṣẹ̀ṣẹ̀ pa ẹ̀rọ, mo lè dá a padà láàrin ìṣẹ́jú kan. Nígbà tí mo bá ti tú bọ́ọ̀dù rẹ̀ sórí tábìlì, ó di ìdajì wákàtí. Ibì kan wà láàrin méjèèjì tí kò sí àbọ̀ mọ́. Kí o tó kọjá ibẹ̀, tún pe tówà lẹ́ẹ̀kan sí i: "Mo fẹ́ tú u báyìí, kò ní ṣeé dá padà kíákíá mọ́. Ṣé kí n ṣe é?" Lọ́pọ̀ ìgbà yóò ní kí o ṣe é. Ìgbà kan tó bá ní kí o dúró, òjò ti ń ṣú níhà ìlà-oòrùn tí ìwọ inú ilé ẹ̀rọ kò rí.

Ọ̀rọ̀ èdè ńkọ́? Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni a fi ń kọ lọ́ọ̀gù, bí ẹni tó wà lórí àga bá sì jẹ́ Haúsá tàbí Ígbò, ẹjọ́ ti tán. Ṣùgbọ́n bí a bá jẹ́ Yorùbá méjì, ahọ́n a máa dùn, a ó sì máa sọ èdè wa. N kò sọ pé kó o má sọ ọ́. Ohun tí mo ṣe ni pé mo lé ọ̀rọ̀ mélòó kan kúrò lẹ́nu mi ní ibi iṣẹ́. Kú àti kù kò sí mọ́. "Kò ṣiṣẹ́ rárá" ni mo ń sọ, tàbí "ó wà, ó ń ṣiṣẹ́". N kì í sọ pé "a ti ṣe é", nítorí ó lè jẹ́ pé a ti tún un ṣe, ó sì lè jẹ́ pé a kàn ti fọwọ́ kàn án. N kì í sọ "èyí" àti "ìyẹn". Transmitter 1, transmitter 2 ni mo ń pè wọ́n, ẹ̀rọ tó ń gbé ohùn jáde pẹ̀lú nọ́ńbà rẹ̀. N kì í sọ "láìpẹ́". Láìpẹ́ ẹnjiníà kì í ṣe láìpẹ́ kọntírólà.

Lẹ́yìn tí o bá ti sọ ọ́, jẹ́ kó tún un sọ fún ọ. Ibí yìí ni ojú máa ń ti ọmọ Yorùbá. Báwo ni wàá ṣe ní kí ẹni tó ju bàbá rẹ lọ tún ọ̀rọ̀ sọ bí ọmọ iléèwé? Gbé ẹ̀bi náà sórí ara rẹ. Bí mo ṣe ń ṣe é rèé:

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi tún un sọ, kí n mọ̀ bóyá mo sọ ọ́ dáadáa."

"Ṣé o rò pé n kò gbọ́ ni?"

"Ẹ gbọ́, sà. Ẹnu tèmi ni n kò fọkàn tán."

Yóò rẹ́rìn-ín, yóò sì sọ pé: "O fẹ́ pa transmitter 1. Transmitter 2 kò ṣiṣẹ́ rárá. Rédíò àfọwọ́mú nìkan ni mo ní. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá." Bó ti ń sọ ọ́ ni yóò na ọwọ́ sí rédíò àfọwọ́mú, tí yóò tàn án, tí yóò sì rí i pé ó nílò bátìrì mìíràn. Ìṣẹ́jú kan àtẹ̀yìn-wá, kò rántí pé ó wà níbẹ̀.

"Ẹ máa ṣe é lọ" kì í ṣe àyè. Àyè ní aago nínú: "O lè pa á láti 0912." Bó bá ní rárá, rárá ni. Gbé àpò irinṣẹ́ rẹ, lọ mu omi.

Kí o tó sọ̀ kalẹ̀, fi káàdì pupa kan kọ́ sára bọ́tìnì tó ń lò. Orúkọ rẹ, nọ́ńbà fóònù rẹ, aago tí o bẹ̀rẹ̀. Fi ìkejì kọ́ sí súìṣì nínú ilé ẹ̀rọ. Ti ìkejì yìí, ẹ̀mí tìrẹ ló ń dáàbò bò; ọ̀gbẹ́ni kan ti tan transmitter tí ọwọ́ mi wà nínú rẹ̀ rí, ó ní òun rí i pé iná rẹ̀ kò tàn.

Nígbà tí o bá ń ṣiṣẹ́, pe tówà ní àkókò tí o ṣèlérí, àní bí kò bá sí ohun tuntun. Bí o bá ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ìṣẹ́jú kẹjọ ni kí o pè pé o nílò mẹ́wàá sí i. Ẹni tó bá pè ní ìṣẹ́jú kẹtàlá ti di ajẹgbèsè.

Dídá a padà

Ìwé ìwádìí kan wà tí mo máa ń ní kí gbogbo ọmọ iṣẹ́ mi kà. Ní oṣù Agẹmọ ọdún 2000, Boeing 767 ti Air New Zealand, èèyàn 176 nínú rẹ̀, ń bọ̀ wá balẹ̀ lóru ní pápákọ̀ Faleolo, erékùṣù Samoa. Abẹ́rẹ́ glide path dúró sáàrin gbọnin. Ó dúró sáàrin nígbà tí ọkọ̀ ga jù, ó dúró sáàrin nígbà tí ọkọ̀ lọ sílẹ̀ jù. Kò sí àmì ìkìlọ̀ kankan. Àwọn páílọ́ọ̀tì rí i pé iná pápákọ̀ jìnnà ju bó ṣe yẹ lọ, wọ́n gòkè padà nígbà tí ọkọ̀ kò ga tó 400 ẹsẹ̀ bàtà mọ́, tó sì ku máìlì tó ju márùn-ún lọ kí wọ́n dé rọ́nwéè. Wọ́n yè.

Kí ló ṣẹlẹ̀? Glide path ń gbé ohùn méjì jáde, 90 Hz àti 150 Hz. Ẹ̀rọ inú ọkọ̀ ń wọn ìyàtọ̀ tó wà láàrin wọn; bí wọ́n bá dọ́gba, abẹ́rẹ́ yóò dúró sáàrin, ìyẹn ni pé o wà lójú ọ̀nà. Ẹ̀rọ ti Samoa ṣàìsàn lọ́nà tí ohùn méjèèjì fi dọ́gba níbi gbogbo. Mónítọ̀, ẹ̀rọ tó ń ṣọ́ ILS, ló wà fún irú èyí: fún ILS Category I, bí glide path bá ti yà kúrò ní ìwọ̀n, mónítọ̀ kò gbọ́dọ̀ jẹ́ kó ju ìṣẹ́jú àáyá 6 lọ kó tó pa á. Ṣùgbọ́n wọ́n ti fi ẹ̀rọ náà sí bypass, ìyẹn súìṣì tó ń yọ mónítọ̀ kúrò lọ́nà, mónítọ̀ kò sì lágbára láti pa nǹkan kan. Iná tó yẹ kó fi hàn ní tówà pé nǹkan ò lọ déédéé ńkọ́? Wọ́n ti gé wáyà rẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń gbẹ́ ilẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò rí ohun tó lè fi mọ̀ pé ẹ̀rọ yẹn kò dára.

Ìdí nìyẹn tí n kì í fi í kúrò nílé ẹ̀rọ láì tíì fi ìka tọ́ súìṣì bypass kí n sì sọ ọ́ síta ketekete, bí mo tilẹ̀ dá wà: "Bypass ti kúrò." Lẹ́yìn ìyẹn, màá ba ẹ̀rọ jẹ́ díẹ̀ fúnra mi, màá wo bóyá mónítọ̀ máa pa á. Bí kò bá pa á, iṣẹ́ kò tíì parí. Màá gbọ́ ident. Nígbà tí iṣẹ́ ń lọ lọ́wọ́, a máa ń yọ lẹ́tà Morse tí ẹ̀rọ fi ń sọ orúkọ ara rẹ̀, kí páílọ́ọ̀tì tó bá tẹ́tí sí i lè mọ̀ pé kó má fọkàn tán an. Tí o bá gbàgbé láti dá a padà, ẹ̀rọ tó dára ni o sọ di aláìlórúkọ. Tí mo bá fọwọ́ kan ẹ́ríálì, mítà ilẹ̀ kò tó mọ́. Ọkọ̀ kalíbrẹ́ṣọ̀n gbọ́dọ̀ fò yẹ̀ ẹ́ wò lókè. Ka sípánà rẹ pẹ̀lú.

Nígbà náà, gun òkè lẹ́ẹ̀kan sí i. Má sọ pé ó ti dára. Jẹ́ kí kọntírólà jókòó sórí àga tirẹ̀, kó fi hẹ́ẹ̀dsẹ́ẹ̀tì tirẹ̀, kó tẹ máíkì, kó sì pe ọkọ̀ iná tàbí bàálù tó wà nílẹ̀ pé báwo ni wọ́n ṣe ń gbọ́ òun, láti 1 dé 5. Jẹ́ kó gbé e sórí standby kó tún pè. Jẹ́ kó wo iná pánẹ́ẹ̀lì tirẹ̀. Òun ni yóò sọ pé ó ti gbà á padà. Ìgbà yẹn ni wàá yọ káàdì pupa lójú rẹ̀, tí ẹ̀yin méjèèjì yóò kọ aago kan náà sínú lọ́ọ̀gù yín. Bí aago lọ́ọ̀gù tìrẹ bá jẹ́ 0931 tí tirẹ̀ sì jẹ́ 0940, ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án wà tí ẹ̀rọ náà kò ní ẹni tó ni ín.

Nínú lọ́ọ̀gù, kọ ohun tí o rí kí o tó kọ ohun tí o ṣe. "Serviced, OK" kì í ṣe àkọsílẹ̀. Ẹni alẹ́ tó máa gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ fẹ́ mọ bí agbára transmitter 1 ṣe wà kí o tó fọwọ́ kàn án, bó ṣe wà lẹ́yìn rẹ̀, àti ohun tí ó ṣì ń fu ọ́ lára.

Bí ẹ̀rọ bá fúnra rẹ̀ kọṣẹ́

Ibí yìí, ẹ̀yin kọntírólà ni mo ń bá wí. "Màdáámù, ILS yín ò dáa" kò ràn mí lọ́wọ́. Ẹ sọ ohun tí ẹ gbọ́ tàbí tí páílọ́ọ̀tì rí, ẹ má sọ ohun tí ẹ rò pé ó fà á. Ọkọ̀ kan ni, àbí gbogbo wọn? Ibo ló wà, ó ga tó mélòó, máìlì mélòó sí rọ́nwéè? Láti ìgbà wo? Kí ló tún ń ṣẹlẹ̀ nínú pápá nígbà yẹn? Ìwọ ẹnjiníà, béèrè gbogbo rẹ̀ kí o tó gbé sìkúrúdiráfà.

Ọ̀sẹ̀ kan wà tí àwọn páílọ́ọ̀tì ń ráhùn pé abẹ́rẹ́ localizer, apá ILS tó ń fi àárín rọ́nwéè hàn wọ́n, ń mì. Mo lo ọjọ́ mẹ́ta nínú ilé ẹ̀rọ. Mo wọn gbogbo ohun tó ṣeé wọ̀n, mo pààrọ̀ bọ́ọ̀dù kan tí kò ṣe mí níbi. Mónítọ̀ kò rí àléébù. Ní ọjọ́ kẹrin, mo gun tówà, mo bèèrè lọ́wọ́ ọmọbìnrin tó wà lórí àga pé aago mélòó ni wọ́n ń ráhùn. Ó wo strip rẹ̀. Ó ní àárọ̀ ni, láàrin aago mẹ́wàá sí mọ́kànlá, kò tíì ṣẹlẹ̀ lọ́sàn-án rí. Mo ní kí ló máa ń ṣẹlẹ̀ ní àárọ̀? Ó ní kò sí. A jókòó. Aago mẹ́wàá kọjá díẹ̀, ó nawọ́ sí fèrèsé.

"Màdáámù, àwọn wọ̀nyẹn nìkan náà ni."

Tírákítọ̀ àwọn tó ń gé koríko ló ń bọ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ ní òpin rọ́nwéè. Awakọ̀ rẹ̀ gbé e síwájú ẹ́ríálì localizer gan-an, níbi tí irin ńlá bẹ́ẹ̀ ti lè tẹ sígínà, ó pa á, ó sọ̀ kalẹ̀, ó sì tẹ́ ẹní rẹ̀ sábẹ́ òjìji rẹ̀ láti jẹ oúnjẹ àárọ̀.